Kafi, Bá Mi Ka Ohun Tó Wà Lára Ògiri

Ẹ̀yìn Malu Road,
Ajégúnlẹ̀, Àpápá.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹjọ, 1990

Bọ̀ọ̀dá mi Wàhábì,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo láyà láti kọ̀wé sí yín rárá. Mo rántí ohun tí ẹ sọ ní oṣù Kẹta, pé bí kì í bá ṣe pé èèyàn kú, kí n má fi lẹ́tà ilé dí yín lọ́wọ́, nítorí iṣẹ́ méjì lẹ ń ṣe lójúmọ́ ní Níú Yọ́ọ̀kì. Èèyàn kankan ò kú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí tí mo sì fà á ya. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìsùn, ẹ kú ìdúró. Ara Màmá le. Wọn ò mọ̀ pé mò ń kọ̀wé.

Mo ṣe ohun kan, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n tó tún fa lẹ́tà yìí ya.

Ẹ rántí fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́ ní ọdún tó kọjá, èyí tí ẹ fẹ̀yìn ti ògiri kan tí wọ́n kọ lẹ́tà ràgàjì ràgàjì sí, tí lẹ́tà náà wú bíi búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò. Mo mú un lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà wa. Olùkọ́ wa ní gràfítì ni wọ́n ń pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, pé àwọn ọ̀dọ́ ló ń fín ọ̀dà sára ògiri láti fi kọ orúkọ wọn. Láti ọjọ́ yẹn ni ọkàn mi ò ti kúrò níbẹ̀. Nínú gbogbo àwa tá a wà ní ọdún kìíní, ọwọ́ tèmi ló burú jù. Bí mo bá gbé iṣẹ́ mi síwájú olùkọ́ wa, á fi bírò pupa fa ìlà méjì dábùú ara wọn lé e lórí, láti igun dé igun, níṣojú gbogbo kíláàsì. Ó ní ọwọ́ mi ń bẹ̀rù bébà. Mo wá rò ó pé bóyá kò ní bẹ̀rù ògiri.

Gregory tó ń fín ọ̀dà sára ọkọ̀ ní ibùdókọ̀ Coconut ló fún mi ní agolo ọ̀dà pupa kan tó ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́, nítorí mo bá a kọ pátákó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó kọ́ mi: kí n mi agolo náà títí n ó fi gbọ́ ohun tó ń ró nínú rẹ̀, kí n jìnnà sí ògiri tó ìwọ̀n apá kan, kí n má sì dá ọwọ́ dúró lójú kan. “Small girl, ọ̀dà ò fẹ́ kéèyàn máa ronú,” ló wí. Èmi sì rèé, ríronú ni gbogbo iṣẹ́ mi.

Lọ́jọ́ Sunday, ọjọ́ kejìlá oṣù yìí, Màmá lọ sí àsàlátù, gbogbo àwọn ayálégbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Adìẹ nìkan ló kù nínú ọgbà. Ara ògiri ẹ̀gbẹ́ ilé, èyí tó kọjú sí gọ́tà, ni mo yàn. KAFI ni mo fẹ́ kọ. Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú K. Mo ti sún mọ́ ògiri jù. Ọ̀dà náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wálẹ̀, atẹ́gùn láti ọ̀nà èbúté sì gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ni K mi bá dà bí ẹni tí tírélà gun lẹ́sẹ̀. Ojú tì mí, bẹ́ẹ̀ èèyàn kankan ò sí níbẹ̀. Mo ṣe é bí olùkọ́ wa ṣe máa ń ṣe é fún mi: mo fa ìlà méjì dábùú ara wọn lé e lórí, ńlá, láti igun dé igun. Nígbà tó sì jẹ́ pé òfin wa ni pé gbogbo iṣẹ́ ìdánrawò gbọ́dọ̀ ní déètì, ì báà dára, ì báà bàjẹ́, mo kọ déètì sí abẹ́ rẹ̀: 12/8/90. Mo ní n ó wá ẹfun kùn ún tó bá di ìrọ̀lẹ́. Mo lọ fi kẹrosíìnì fọ ọwọ́ mi.

Ìyá Efe, ayálégbé wa tó wà ní yàrá iwájú, ló kọ́kọ́ dé láti ṣọ́ọ̀ṣì. Igbe wọn ni mo gbọ́. “Yéè! Dem don mark us o!”

Bọ̀ọ̀dá, bóyá ẹ gbọ́ lọ́hùn-ún pé katakata Ìjọba wọ Màrókò ní oṣù tó kọjá, tó wó ilé ibẹ̀ palẹ̀. Àwọn kan lára àwọn tó sá níbẹ̀ gbé ẹrù wá sọ́dọ̀ ẹbí wọn ní Ajégúnlẹ̀ níbí. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó jí tí kì í kọ́kọ́ wo ògiri ilé rẹ̀ bóyá wọ́n ti sàmì sí i. Èmi ò rántí. Bí mo ṣe mi agolo yẹn, gbogbo ohun tó wà lórí mi ni bí K á ṣe wú. Ìlà pupa méjì tó dábùú ara wọn, lẹ́tà kan, àti déètì: wọ́n ní àmì Ìjọba gan-an nìyẹn, pé K ni nọ́ńbà tí wọ́n fún ilé wa ní ọ́fíìsì. Àwọn ọkùnrin àdúgbò pé jọ sídìí gọ́tà.

“Ọjọ́ méje ni wọ́n máa ń fúnni láti ọjọ́ tí wọ́n bá kọ ọ́.”

“Kí ló wá dé tó jẹ́ ilé ẹyọ kan?”

“Ibì kan náà ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Ṣé o rò pé láti méjì ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ ni?”

Mo ti la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Màmá wá dé pẹ̀lú aṣọ funfun àsàlátù lọ́rùn, wọ́n wo ògiri, wọ́n sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú aṣọ funfun náà. Mo sáré lọ gbé wọn dìde.

Òní ló pé ọjọ́ méje. Èèyàn kankan ò wá, ṣùgbọ́n ayálégbé méjì ti kó jáde. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Bí ẹ bá ní kí n jẹ́wọ́, n ó jẹ́wọ́, kìkì kí ẹ bá mi bẹ Màmá. Ẹ fi èsì ránṣẹ́ sí àpótí ilé-ẹ̀kọ́ mi, kì í ṣe ilé.

Àbúrò yín,
Kafilat

*

Brooklyn, Níú Yọ́ọ̀kì.
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹsàn-án, 1990

Kafilat,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹni tá a jọ ń gbé yàrá fi ní ṣé mo jẹ tẹ́tẹ́ ni. Gbogbo owó tí mò ń rán sílé-ìwé, K kan ṣoṣo ni o rí kọ́, o sì tún pa á rẹ́! Àwọn ọmọ tí mò ń rí níbí, wọ́n ń fi okùn so ara wọn kọ́ sára afárá kọ orúkọ wọn. Ìwọ dúró lórí ilẹ̀ gbẹrẹfu, ní ọ̀sán gangan, nílé bàbá rẹ, o sì ṣì í kọ. Olùkọ́ rẹ gbọ́n. Òun lo yẹ kó o máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n gbọ́. Ọwọ́ rẹ tí kò wúlò yẹn ti ṣe ohun tí ẹnu mi ò lè ṣe láti ọdún márùn-ún. Ọkùnrin kan wà ní Creek Road tó ń fi tírélà kó kọ̀ntẹ́nà. Ó fẹ́ gba ilé wa fún àwọn awakọ̀ rẹ̀ àti ẹrù rẹ̀, odindi ilé, bó ṣe wà. Ohun tó ní kí n ṣe kò ju kí ilé ṣófo lọ. Mo ti sọ ọ́ fún Màmá, Màmá ní àwọn ò lè lé ayálégbé, pàápàá Ìyá Efe, nítorí Bàbá sọ níṣojú àwọn àgbà pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ lé obìnrin yẹn títí tí á fi kú. Bàbá ló ṣèlérí. Bàbá ti kú. Èmi ò ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, pa ẹnu rẹ mọ́. Má fi omi kan ògiri yẹn, má sì gbé ọ̀dà débẹ̀ mọ́, kó o má baà tún un ṣe débi tí wọ́n á fi mọ̀ pé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni. Bí Màmá bá bi ọ́, o ò mọ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé rẹ ti ọdún kejì wà níwájú mi. N ó fi ọ̀rọ̀ yìí mọ irú ọmọ tó o jẹ́.

Wàhábì

*

Ẹ̀yìn Malu Road,
Ajégúnlẹ̀.
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Kẹsàn-án, 1990

Bọ̀ọ̀dá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo dúpẹ́ pé ẹ dá mi lóhùn. Mo ti ka lẹ́tà yín lọ ka lẹ́tà yín bọ̀, mò ń wá ibi tí ẹ ti béèrè bóyá Màmá ń jẹun. Bóyá ẹ kánjú ni. Wọn kì í jẹun dáadáa. Láràárọ̀, kí wọ́n tó ṣe àlùwàlá, wọ́n á jáde lọ fetí sílẹ̀ lẹ́bàá títì. Bí tírélà bá ń bọ̀ láti Àpápá, wọ́n á ní katakata ni.

Gbogbo ayálégbé ti lọ. Ó ku àwa àti Ìyá Efe. Ẹ mọ̀ pé àwọn ni wọ́n ń wẹ Bàbá nígbà tí apá àti ẹsẹ̀ Bàbá rọ, tí ìbàdí Màmá ò jẹ́ kí wọ́n lè dìde. Ọdún méjì. Ẹ ti rìnrìn àjò nígbà náà, ṣùgbọ́n ojú mi ló ṣe. Wọn kì í ṣe Mùsùlùmí, wọn kì í ṣe Yorùbá, síbẹ̀ àwọn ni wọ́n ń jí Bàbá fún àdúrà àṣùbá, tí wọ́n á gbé omi kalẹ̀.

Àwọn yòókù ń sá, Ìyá Efe ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “The katakata wey go comot me for here, dem never offload am for wharf.” Ṣùgbọ́n Efe ọmọbìnrin wọn kọ̀wé láti Warri pé kí wọ́n máa bọ̀, èyí sì ti kó wọn láyà sókè díẹ̀. Lọ́jọ́ Àlàmísì wọ́n pè mí sídìí ògiri yẹn. Wọ́n fi ọ̀pá ìgbálẹ̀ tọ́ka sí K mi.

“Kafi, bá mi ka ohun tó wà lára ògiri yìí.”

Mo ní, “Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, mà.”

“Àwọn tó ń kà á fún mi, ìbẹ̀rù wọn ni wọ́n ń kà. Ìwọ lo mọ̀wé. You be my pikin. Bí o bá ní Ìjọba ni, mo lọ. Bí o bá ní kì í ṣe Ìjọba, mi ò kúrò níbi tí ọkọ mi kú sí.”

Mo parọ́ pé kí n lọ dà á kọ, kí n lọ bi wọ́n léèrè ní ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n gbé àpótí ìjókòó wọn wá, wọ́n jókòó tì mí, wọ́n sì di bébà mú fún mi kí atẹ́gùn má gbé e, nígbà tí mò ń da àṣìṣe ara mi kọ. Láti ọjọ́ yẹn, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń béèrè: “Dem don answer you?” Gregory náà bi mí bóyá mo ti lo agolo ọ̀dà yẹn. Mo ní ó ti gbẹ kí n tó dé ilé. Ó ní ọ̀dà inú agolo kì í gbẹ kíákíá bẹ́ẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n sọ fún Ìyá Efe nìkan. Mo mọ̀ pé wọn ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. N ò fẹ́ kí ẹ rò pé mò ń bá yín jiyàn. N ò gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n n ò lè sùn.

Àbúrò yín,
Kafilat

*

Brooklyn.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹwàá, 1990

Kafilat,

Mo ka ẹkún rẹ. Mò ń gbé ẹran dídì fún wákàtí mẹ́wàá nínú yàrá tó tutù bí ibojì kí ìwọ lè jókòó ya àwòrán tí o ò mọ̀ ọ́n yà, o tún wá ń bi mí bóyá Màmá ń jẹun. Kí ni wọ́n ń rà jẹ, bí kì í bá ṣe òógùn mi?

Ọkùnrin Creek Road yóò wá wo ilé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kọkànlá. Bí ó bá bá obìnrin yẹn níbẹ̀, lọ bá a kó ẹrù rẹ lọ sí Warri, kó máa san owó ilé-ìwé rẹ. Èmi náà yóò sì kọ̀wé sí Ìmáàmù àdúgbò kó ka lẹ́tà tó o kọ ní oṣù Kẹjọ sí Màmá létí. Gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, pẹ̀lú orúkọ rẹ nísàlẹ̀.

O ní obìnrin náà ní kó o ka ògiri fún òun. Kà á fún un. Èyí ò gba ọ̀dà, kò gba ẹ̀bùn, ẹnu lásán ni. Ó kéré tán, ìyẹn ò lè wọ́.

Wàhábì

*

Yàrá Chinyere, ọ̀rẹ́ mi,
ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kọkànlá, 1990

Bọ̀ọ̀dá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òtútù. Ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó dáhùn. N ò mọ ibi tí n ó ti mú ọ̀rọ̀ náà.

Ọjọ́ kejìlélógún oṣù tó kọjá ni lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí mo ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, mo bá Ìyá Efe lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. N ò tíì kí wọn tán tí wọ́n fi bi mí.

“Dem don answer you?”

“Ìjọba ni, mà.”

“You sure?”

“Ó dá mi lójú, mà.”

Wọ́n gbé àwo ẹ̀wà náà sílẹ̀. “Ìgbà wo ni wọ́n ń bọ̀?”

Bọ̀ọ̀dá, èyí ẹ ò rán mi o. N ò rò ó tẹ́lẹ̀. Mo ní, “Kí oṣù yìí tó parí.” N ò mọ ìdí tí mo fi fi kún un. Mo rò pé mo fẹ́ kí wọ́n gbà mí gbọ́ ni.

Wọn ò sunkún. Wọ́n ní, “God bless you, Kafi. Ọmọ ẹlòmíì á dákẹ́, á jẹ́ kó wó lé mi lórí.” Wọ́n tún tẹ̀ síwájú pẹ̀lú ẹ̀wà ṣíṣà, ṣùgbọ́n mo rí i pé òkúta àti ẹ̀wà ni wọ́n ń dà pọ̀ sínú abọ́ kan náà.

Ohun tí èmi àti ẹ̀yin ò rò nìyí. Màmá wà lẹ́yìn kọ́tìnnì. Láti oṣù Kẹjọ, wọ́n ti ń sọ fún ara wọn pé bóyá irọ́ ni. Wọ́n jáde, wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Bí ọmọ tèmi tó kàwé bá ti sọ ọ́, ó ti parí.” Kí wọ́n tó kírun ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti ránṣẹ́ pe káfíńtà.

Àwọn ará Màrókò tó wà ládùúgbò ló kọ́ wọn. Wọ́n ní àwọn tó dúró de katakata, páànù wọn àti ilẹ̀kùn wọn ló bá ilé lọ. Pé ohun tí èèyàn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ni tirẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, káfíńtà mẹ́ta gun orí ilé Bàbá. Wọ́n tú páànù lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n tú igi àjà, wọ́n yọ fèrèsé, wọ́n yọ gbogbo ilẹ̀kùn pẹ̀lú férémù. Màmá ń kà á bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ń pariwo pé, “Ẹ rọra, ẹ má tẹ̀ ẹ́, Alájì fi iyọ̀ inú ara rẹ̀ rà á ni!” Èmi ni mo di àkàbà mú. Ó yẹ kí n sọ fún yín pé mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo fẹ́. Ṣùgbọ́n ní páànù àkọ́kọ́, mo ní kò tíì burú, wọ́n lè dá a padà. Nígbà tó fi máa di ìdajì, mo ti mọ̀ pé bí mo bá sọ̀rọ̀, gbogbo àwọn tó wà lórí ilé á bojú wolẹ̀ wò mí. Mo di àkàbà náà mú dáadáa. Káfíńtà kan tilẹ̀ yìn mí.

Ìyá Efe lọ sí Warri lọ́jọ́ Friday ọ̀sẹ̀ yẹn. Wọ́n di orí mi mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, wọ́n ṣàdúrà fún mi títí awakọ̀ fi ń fọn fèrè. Efe ti kọ̀wé sí mi láti ìgbà náà. Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì ni ọkọ òun fún ìyá òun, pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, pé kí n bá àwọn wá yàrá kan ní Ajégúnlẹ̀, ibikíbi, nítorí èmi ni mo mọ̀wé, èmi ni mo mọ ilé tí Ìjọba ò sàmì sí. N ò tíì fèsì.

Màmá kó páànù àti igi sínú típà lọ sí Ìṣẹ́yìn, ìlú wa. Wọ́n ti fi bo yàrá kan fún ara wọn nínú agbo ilé. Ní ọjọ́ tí wọ́n lọ ni òjò bẹ̀rẹ̀, àrọ̀kúrò òjò tó le, ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Ẹ mọ̀ pé bíríkì amọ̀ ni ilé yẹn, sìmẹ́ǹtì kàn wà lójú rẹ̀ ni. Yàrá mẹ́ta ti wó. Ọkùnrin Creek Road wá lọ́jọ́ Monday tó kọjá, ó fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ gún ògiri, kọ́kọ́rọ́ náà sì wọlé bíi pé ẹ̀kọ ni. Ó ní ilé ni Wàhábì sọ fún òun, kì í ṣe àbàtà. Ó ti gba ibòmíràn. Gbogbo ilé tó yí wa ká ló dúró ṣinṣin. Àwọn aládùúgbò ní Ìjọba rí i pé tiwa ti tú, àánú wá ṣe wọ́n, wọ́n padà. Màmá sì ń sọ fún gbogbo ará Ìṣẹ́yìn pé ọmọ àwọn tó mọ̀wé ló gba páànù àwọn là.

Ojú ń tì mí láti béèrè èyí. Ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá ni wọ́n á ti ìwé ìforúkọsílẹ̀. Ẹ ní bí Ìyá Efe bá ti lọ kí ọkùnrin Creek Road tó dé, ẹ ó san owó mi. Wọ́n ti lọ. Mo ṣe ohun tí ẹ ní kí n ṣe. Bí ẹ bá rí i pé kò tọ́ sí mi mọ́, ó yé mi.

Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ bẹ̀ yín. Màmá ń retí lẹ́tà yín. Wọ́n ní ẹ ò tíì bá àwọn kẹ́dùn ilé. Ẹ mọ̀ pé kéwú nìkan ni wọ́n lè kà. Èmi ni mo máa ń ka lẹ́tà yín fún wọn, èmi náà ni n ó sì kà á ní Ìṣẹ́yìn bí a bá gba ìsinmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ kó gùn. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ gbọ́ bí Ìjọba ṣe gba ilé Bàbá lọ́wọ́ wa, pé kí Ọlọ́run dá wọn lẹ́jọ́. Ẹ má kọ ohun mìíràn tí n ó máa fò, nítorí Màmá máa ń wo ètè mi bí mo bá ń kàwé. Kí ẹ sì fi iná sun èyí àti ti oṣù Kẹjọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnì kan rí i, Bọ̀ọ̀dá, àní ẹni tí ẹ jọ ń gbé yàrá tí kò gbọ́ Yorùbá.

Àbúrò yín,
Kafilat